Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá, lórí Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀wé Àfọwọ́kọ

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó Akéte, ní Abẹ́òkúta ìlú Lísàbí, ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ní Òṣogbo Òròkí, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ní Adó-Èkìtì àti ní Ìlọrin Àfọ̀njá, mo fi ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ipò yín kí yín, mo sì tọrọ àyè lọ́dọ̀ yín kí n lè fi ohùn kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá dúró wò ó dáadáa. Èmi kì í ṣe olóṣèlú, n kò wá oyè, n kò sì ní ọjà tí mo fẹ́ tà fún ìjọba. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹfun ìkọ̀wé sì ti sọ orí mi di funfun kí ọjọ́ orí tó bá a dé ibẹ̀. Ǹ bá dákẹ́, nítorí ariwo ti pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a máa bá a dákẹ́, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n kò sì tíì lè kọ lẹ́tà sí yín fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní àwọn ìlú ńlá wa, àkókò ìkọ̀wé, tí olùkọ́ máa ń rìn láàárín àwọn ọmọ láti tún bí ìka wọn ṣe di pẹ́ńsù mú ṣe, ti di àkókò kọ̀ǹpútà. Ní àwọn ilé-ìwé ìjọba, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àtẹ àkókò iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ìṣirò tí kò tíì tán ni wọ́n ń fi í parí, tàbí kí wọ́n fi í gba owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Àwọn òbí tí wọ́n mọ̀wé dáadáa pàápàá ń béèrè ní ìpàdé pé kí ni ọmọ yóò fi ọwọ́ ìwé ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni àwọn fúnra wọn ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ ní ọ́fíìsì. Wọn a ní JAMB ti kó ìdánwò rẹ̀ kúrò lórí bébà pátápátá láti ọdún 2015, wọn a ní ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé WAEC àti NECO náà ń bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi kún un pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé lónìí dà bí ẹni tí ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gun ẹṣin lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìdánwò kúrò lọ́nà ná, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB rí mọ̀ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ọmọ nílò níbẹ̀: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, àti mẹ́rin mìíràn tí ó fi ń lọ síwájú, tí ó fi ń padà sẹ́yìn, tí ó sì fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá parí. JAMB fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí má baà ṣubú nítorí ẹ̀rọ. Èyí jẹ́ ohun tí a lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí yóò sì mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ gba àyè lọ́wọ́ ohun tí ó ṣòro láti kọ́ ọmọ mọ́ bí ìgbà rẹ̀ bá ti kọjá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ má sì ṣe kà mí mọ́ àwọn arúgbó tí inú wọn kì í dùn sí ohunkóhun tí wọn kò bá láyé. Kọ̀ǹpútà ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí, ó sì ti mú kí ọmọ tí ó wà ní abúlé lè ka ìwé tí yunifásítì bàbá rẹ̀ kò ní. Ọ̀pọ̀ nínú wa náà ni ó ti dúró níwájú apòògùn, tí òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bi ara wọn léèrè ohun tí dókítà ní lọ́kàn nígbà tí ó ń fa báírò lórí bébà. Báírò ni èmi pẹ̀lú fi kọ lẹ́tà yìí, ọmọ mi obìnrin ni ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó dé ọwọ́ yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò ní àyè láti máa tú ọwọ́ ìwé àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ tán tí ó gbé e fún mi, mo kà á, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà, gbogbo gbólóhùn náà sùn gbalaja síbẹ̀. A jókòó, àwa méjèèjì, a ń wá àmì wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì lábẹ́ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Unicode, ṣùgbọ́n pé bí ẹ yẹn bá tún ní ohùn òkè lórí, kò sí ẹyọ kan tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ńṣe ni a ó mú àmì ohùn wá lọ́tọ̀ kí a gbé e lé e lórí, nínú irú lẹ́tà kan, àmì náà a sì fò kúrò lórí ẹni tí ó ni ín lọ bá aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí pẹ́ńsù ń fi ìfà kan ṣe ni a fi gbogbo ọ̀sán lé kiri.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ń jiyàn lórí ìkọ̀wé lè máa jà lórí ẹwà àti àṣà. Ọ̀rọ̀ tiwa wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn ni èdè wa fi ń rìn, ohùn náà kò sì ní ilé mìíràn lórí ìwé bí kò ṣe àwọn àmì wínníwínní wọ̀nyí. Wọn kò já bọ́ láti ọ̀run. Láti ìgbà tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ti jáde ní 1843 ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń forí korí lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ìjọ CMS pe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó lé e lórí ní 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní fún àwọn ilé-ìwé ní 1974. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àgbà fi ń jiyàn lórí ohun tí ọmọ aláìnísùúrù kan yóò fi àtàǹpàkò rẹ̀ fò kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan.

Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní Yorùbá rí mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Ọmọ yóò pe ọ̀rọ̀ jáde, a ó ní kí ó fi dò, re, mí kọ ọ́ bí orin, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé ohùn, yóò lọ sísàlẹ̀ fún dò, yóò gòkè fún mí, lẹ́yìn náà ni pẹ́ńsù yóò wá fà sórí ìwé ohun tí apá ti fà nínú afẹ́fẹ́. Etí, ẹnu, apá àti ìka ti jọ ṣe iṣẹ́ kan náà, ìyẹn ni kò fi ní gbàgbé. Ẹ wá fi ọmọ kan náà sídìí fóònù. Yóò tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀, yóò dúró, àpótí kékeré kan yóò yọ jáde tí ó kún fún lẹ́tà Faransé àti ti Jámánì tí kò wúlò fún un, yóò wá tirẹ̀ títí, kò ní rí i, tàbí kí sùúrù rẹ̀ tán kí ó tó rí i. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, yóò ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé àmì kò ṣe pàtàkì. Mo gbọ́ pé bọ́tìnnì Yorùbá ti wà lórí fóònù báyìí fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ti ń wá a, mo sì kí àwọn tí ó ṣe é kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti mọ àmì ṣáájú kì í wá bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Ẹ wo pátákó ojú títì láti Sàngó Ọ̀tà dé Ṣakí, ẹ wo ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ránṣẹ́ síra wọn: èdè tí a kọ sílẹ̀ láìní ohùn, tí òǹkàwé ní láti máa méfò kí ó tó lè kà á. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin náà dára lójú mi, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì aláìlámì ni a ó fi máa kọ́ Yorùbá ọ̀hún, n kò mọ ohun tí òfin ń dáàbò bò.

Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òyìnbó ni ó gbé ìkọ̀wé dé ọ̀dọ̀ wa, pé bí òyìnbó bá sì ti rí ohun tí ó dára jù ú lọ, kí àwa náà ju tiwa sílẹ̀. Kí ajíhìnrere kankan tó gúnlẹ̀ sí Badagry ni àwọn ọmọ kéwú ní Ìlọrin, ní Ìṣẹ́yìn àti ní Ìwó ti ń gbé wàláà sórí itan, tí wọ́n ń ti kálámù bọ inú tàdáwà, tí wọ́n ń kọ súrà sára igi, tí wọ́n ń kà á títí yóò fi wọ inú orí, kí wọ́n tó fi omi fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì tún kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, èyí tí a ń pè ní hàntú, wọn kì í dà á nù, mímu ni wọ́n ń mu ún. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àfáà tí ó ṣètò ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan nípa orí ọmọ. Babaláwo pẹ̀lú, ìka ni ó fi ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ọmọ awo kì í sì í di awo nípa wíwò nìkan.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí ìwé kan tí gbogbo yín kà, tàbí tí ẹ ń sọ pé ẹ kà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan iṣẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀. Ìtàn náà ì bá parí síbẹ̀, kí a máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹnìkan kọ ìwé rí; ṣùgbọ́n ó fi àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ sílé, àwọn àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tí ó ti ń ṣe bí ó ti ń bi àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tí í ṣe oníṣègùn ní Èkó, jókòó tì wọ́n, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ láti inú wọn. Ìgbà tí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ogun àgbáyé kìíní ti bẹ̀rẹ̀; ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ọdún 1921 ni ó jáde, Obadiah pẹ̀lú sì ti filẹ̀ bora ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀dà ìwé náà ì bá ti wà ní ibi mẹ́wàá. Òtítọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé Obadiah lè ka ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ta ni yóò ka ọwọ́ àwọn bàbá wa lọ́la? Nínú ilé àkójọ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ jókòó sórí pẹpẹ bẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ìkọ̀wé alásopọ̀, èyí tí lẹ́tà kan ń di ọwọ́ èkejì mú. Bí ẹ bá sọ pé iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní yunifásítì, kí a wọ inú yàrá bàbá àgbà. Nínú àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn ni ìwé ilẹ̀ ẹbí wà, èyí tí àwọn akọ̀wé lẹ́tà, àwọn tí wọ́n máa ń gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́, bá wọn kọ nígbà ayé òyìnbó amúnisìn, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó rẹwà, tí ó ń fi ìrù gígùn gbá ara rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sì tẹ̀ka sísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí aáwọ̀ bá dé, ọmọ ẹbí tí ó kàwé jùlọ yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò yí i síbí, yóò yí i sọ́hùn-ún, kò sì ní lè mú ju orúkọ oṣù jáde nínú rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ẹni lè tan ni bí a kò bá lè kà á, ẹni tí ó bá sì lè kà á nílé ẹ̀gbẹ́ kejì ni ilẹ̀ yóò bá lọ.

Ní ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, n kò ní fi wọ́n pẹ́ yín lọ́wọ́. Karin James àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012: wọ́n kó àwọn ọmọ bí ọdún márùn-ún tí kò tíì mọ̀wé kà jọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ya lẹ́tà kan, kí wọ́n tọ ipa òmíràn tí a ti là sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì tẹ òmíràn lórí bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn, àwọn apá tí àgbà fi ń kàwé jí sí lẹ́tà tí ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, wọn kò sì jí bẹ́ẹ̀ sí àwọn yòókù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé lẹ́tà àwọn ọmọ náà wọ́gọwọ̀gọ, àwọn olùwádìí sì rò pé wíwọ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń kọ́ ọpọlọ bí lẹ́tà kan náà ṣe lè wọ oríṣiríṣi aṣọ kí ó má sì yí padà. Ìwádìí mìíràn wà, ti Mueller àti Oppenheimer ní 2014, tí ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń fi ọwọ́ kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ lóye rẹ̀ ju ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má ṣe gbára lé ìyẹn jù, nítorí nígbà tí àwọn mìíràn tún irú rẹ̀ ṣe ní 2019, ìyàtọ̀ náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ kí àwọn olùdámọ̀ràn yín tó bá mi sọ ọ́.

Àwọn tí a sì sọ pé à ń tẹ̀lé ńkọ́? Finland yọ ìkọ̀wé alásopọ̀ kúrò lára ohun tí ó pọn dandan ní 2016, ṣùgbọ́n wọn kò gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìkọ̀wé olẹ́tà-kọ̀ọ̀kan ṣì wà, wọ́n kàn fi títẹ̀ kún un ni. Sweden, tí ó ti tètè kó ẹ̀rọ wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé àti ìkọ̀wé padà síbẹ̀ ní 2023. Ní ọdún yẹn kan náà, California, tí Google àti Apple fi ṣe ilé, ṣe òfin pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà ní ìkọ̀wé àfọwọ́kọ, títí kan alásopọ̀. Àwọn tí ó rọ ẹ̀rọ ń wá pẹ́ńsù lọ, àwa tí a kò tíì ní ẹ̀rọ tó ọmọ mẹ́wàá ní kíláàsì kan ni à ń sá fún un.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà, mo wà lára àwọn tí inú wọn dùn, nítorí ẹni tí ó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ a máa kú, gíláàsì rẹ̀ a máa fọ́, ìjọba tí ó rà á a máa lọ, èyí tí ó bá sì dé kì í fẹ́ fi owó tirẹ̀ tún orúkọ ẹlòmíràn ṣe. A kò tíì sọ̀rọ̀ iná, èyí tí ó wó lulẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ gbayawu, tí iye ọmọ inú kíláàsì lé ní 800,000, síléètì àti ẹfun ni a fi pàdé wọn. Ẹnikẹ́ni kò dúró de iná kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ti wí gbogbo èyí tán, ohun kan wà nínú ìkọ̀wé àtijọ́ tí n kò fẹ́ kí ó padà wá. A rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ọmọ ní lẹ́tà, tí ọmọ fi ń gbọ̀n kí ó tó di pẹ́ńsù mú, ọwọ́ tí ń gbọ̀n kò sì lè kọ ohun tí ó tọ́. A rí ọmọ tí Ọlọ́run dá ní ọlọ́wọ́ òsì, tí wọ́n fi rúlà gbá ìka rẹ̀ títí ó fi gbé pẹ́ńsù sí ọ̀tún, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Òótọ́ ni, a kì í fi na nǹkan sí àgbà; ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan nínú ìwé ìkọ̀wé tí ọmọ náà ń na nǹkan sí. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò ṣe é ká, tàbí tí àrùn bá apá rẹ̀ jà, bọ́tìnnì ni kí a fún un ní kíákíá, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò sì bẹ̀ yín pé kí gbogbo ọmọ máa kọ ìkọ̀wé alásopọ̀ bí akọ̀wé kóòtù àtijọ́. Bí wọ́n bá lè kà á, ó tó mi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì fẹ́ràn rẹ̀ yóò kọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀, kò sì wọ́n. Mo fẹ́ kí àkókò ìkọ̀wé jẹ́ ti ìkọ̀wé ní tòótọ́ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta, lójoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, ìbáà jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú péré, kí ó má sì jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ yóò máa kọ níbẹ̀. Kí ẹ, ọ, ṣ àti gb wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí àmì ohùn sì tẹ̀lé wọn kí ọdún kejì tó parí. Títẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kẹrin níbi tí ẹ̀rọ bá wà, lórí bọ́tìnnì tí ó ní lẹ́tà Yorùbá, kí ọmọ tí ó ti mọ àmì lè mọ ohun tí yóò máa wá lórí rẹ̀. Àwọn tí ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní láti tún iṣẹ́ kan gbé dìde: ní ayé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ Grade Two, wọ́n máa ń wo ọwọ́ ìwé ẹni lórí pátákó kí wọ́n tó fi ọmọ lé ẹni lọ́wọ́, lónìí mo ń rí ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí àmì ohùn ń jókòó sí lórí ọ̀rọ̀, tí a sì ní kí ó lọ kọ́ ogójì ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò Yorùbá fún àwọn tí ń jáde ilé-ìwé girama kékeré máa fún àmì ohùn ní máàkì tí ó ní láárí, nítorí ohun tí a kò bá fi máàkì sí, olùkọ́ wa kì í kọ́ ọ. Mo mọ̀ wọ́n, ara wọn ni mo ti wá.

Ó ku ti ìwé ìkọ̀wé. Ìwé onílà méjì-méjì, èyí tí lẹ́tà kékeré ń dúró láàárín ìlà rẹ̀ tí àmì ń rí àyè lókè àti nísàlẹ̀, ti fẹ́ tán lọ́jà, àwọn tí ń tẹ ìwé ní Muṣin àti ní Ìbàdàn sì sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀ mọ́ ni. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú yín bá lè fi í sínú ìwé tí ẹ ń rà fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì.